Àgbàlá Ilé ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀: Ọ̀gbẹlẹ̀ Ni Wọ́n Fi Ń Ṣe Iṣẹ́ Òjò

Bí òjò bá rọ̀ tó mìlímítà kan péré, omi lítà kan ló dà sórí ilẹ̀ tí ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Òrùlé tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 10, tí òró rẹ̀ náà jẹ́ mítà 10, yóò da lítà 5,000 sílẹ̀ nígbà tí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀, irú òjò bẹ́ẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí Òkìtìpupa láàárín oṣù kẹfà sí oṣù keje. Ní agbègbè tí òjò ọdún kan ti ń sún mọ́ mìlímítà 2,000, tó sì ń kọjá bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, òrùlé kan náà á da nǹkan bí lítà 200,000 sí àgbàlá kí ọdún tó yí po. Ibi tí omi yìí bá gbà lọ ni yóò sọ bí ìpìlẹ̀ ilé, kànga, igi eléso àti ìlera àwọn ọmọdé inú ilé náà yóò ti rí.

Ìdí nìyí tí ìtọ́jú àgbàlá fi yẹ fún àgbéyẹ̀wò ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti Òkìtìpupa dé Ìrèlè, láti Ìgbòtako dé Òde-Àyè àti Ìlútìtùn. Kì í ṣe pé àwọn onílé ń ṣe ìmẹ́lẹ́. Wọ́n ń gbálẹ̀ láràárọ̀, wọ́n sì ń ro oko ẹ̀yìnkùlé nígbà tí koríko bá ga. Àkókò ló ń bọ́ mọ́ ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó yẹ kó ti parí lóṣù kejì ni wọ́n ń sáré ṣe lóṣù kẹfà, nígbà tí ẹrẹ̀ ti gba gbogbo ilẹ̀, tí alágbàṣe sì ti wọ́n. Bí a bá to oṣù méjìlá ọdún tẹ̀lé ara wọn, á hàn pé inú ọ̀gbẹlẹ̀ ni a ti ń múra àgbàlá sílẹ̀ de òjò, inú òjò ni a sì ti ń gbin ohun tí yóò ṣíji bò ó nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Ibi iṣẹ́, ibi ìgbafẹ́

Àgbàlá ilé Ìkálẹ̀ jẹ́ ibi iṣẹ́ kó tó di ibi ìgbafẹ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ti ń rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀, tí wọ́n ti ń fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n á mọ ọ́n ní ìṣù róbótó, tí wọ́n á wá tò ó sórí àjà lókè iná kí ooru àti èéfín gbẹ ẹ́ di púpurù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sá ẹ̀gúsí àti kòkó, tí wọ́n ti ń já ẹyìn, tí wọ́n sì ti ń fọ́ ekùrọ́.

Iṣẹ́ yìí ní ìdọ̀tí tirẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù tí wọ́n bá kó jọ á kẹ̀, á sì pe eṣinṣin. Omi tó ń jáde lára ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fún ní oró nínú tó lè pa koríko ibi tó bá ń dà sí. Nítorí náà, àgbà obìnrin tó mọ iṣẹ́ púpurù dáadáa kì í fi ibi ìfúngẹ̀ẹ́ sókè kànga. Ìsàlẹ̀, níbi tí omi ń ṣàn lọ, ló máa ń fi í sí. Èèpo náà kò gbọ́dọ̀ sùn jọ. Ó máa ń tàn án káàkiri sínú oòrùn kó lè gbẹ, nítorí pé oòrùn máa ń dín oró inú rẹ̀ kù kí ewúrẹ́ tó jẹ ẹ́.

Bí iṣẹ́ bá parí, àgbàlá kan náà ni pálọ̀ ìrọ̀lẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún tí iná mànàmáná fi dákú ní ẹkùn Gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìta ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń gba atẹ́gùn kí oorun tó gbé wọn. Abẹ́ igi máńgòrò, orí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, abẹ́ àtíbàbà iwájú ilé: ibẹ̀ ni bàbá ti ń gbàlejò, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń ka ìwé kí ilẹ̀ tó ṣú. Níbẹ̀ náà ni ìsìnkú, ìkómọ àti ìdána ti ń wáyé, ojú oórì àwọn baba ńlá sì wà nínú ọ̀pọ̀ àgbàlá. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ìtọ́jú àgbàlá nílẹ̀ Ìkálẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ibi tí ìdílé ti ń jẹun, tí wọ́n ti ń rí owó, tí wọ́n sì ti ń bu ọlá fún òkú wọn.

Láti ọyẹ́ dé àkọ́rọ̀ òjò

Òjò máa ń dáwọ́ dúró nínú oṣù kọkànlá. Láti ìgbà náà títí di oṣù kejì, ilẹ̀ gbẹ, ọwọ́ sì dilẹ̀ díẹ̀ lóko. Àsìkò yìí ni ti iṣẹ́ àgbàlá tó ṣe kókó jù lọ láàárín ọdún.

Gọ́tà àti ẹsẹ̀ ògiri ló kọ́kọ́. Lára ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Òkìtìpupa àti àyíká rẹ̀, ọ̀sọ̀rọ̀ òjò ti gbẹ́ kòtò yí ilé ká, ìpìlẹ̀ sì ti yọ síta. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Wọ́n á kó ilẹ̀ pupa sí ẹsẹ̀ ògiri, wọ́n á wọ́n omi díẹ̀ sí i, wọ́n á fi òlù lù ú pa, wọ́n á sì jẹ́ kó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kúrò lára ilé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á to òkúta wẹ́wẹ́ sí ojú ibi tí ọ̀sọ̀rọ̀ ń bọ́ sí. Ilẹ̀ tí wọ́n bá lù ní oṣù kìn-ín-ní á ti le kí òjò tó dé. Èyí tí wọ́n bá dà síbẹ̀ ní oṣù karùn-ún, òjò mẹ́ta tó le á ti kó o lọ.

Igi ló tẹ̀lé e. Òjò àkọ́rọ̀ oṣù kẹta àti oṣù kẹrin kì í nìkan wá. Ìjì ló máa ń ṣáájú rẹ̀, ìjì yìí ló sì ń ṣí páànù òrùlé, tó ń fa ẹ̀ka ya sórí ilé àti ọkọ̀. Ẹ̀ka tó ti gbẹ, imọ̀ àgbọn tó ti rọ̀, àti ẹ̀ka tó na orí òrùlé gbọ́dọ̀ ti kúrò kí oṣù kejì tó parí. Àmọ́ ìgbà yìí gan-an ni máńgòrò ń tan òdòdó tó sì ń so, ìgbà yìí náà ni agbálùmọ̀ ń pọ́n. Ẹni tó bá gé igi wọ̀nyí lulẹ̀ gbọnrangandan lóṣù kejì ti sọ èso ọdún náà nù. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí wọ́n yọ kìkì ẹ̀ka òkú àti ẹ̀ka eléwu kí ìjì tó dé, kí gígé tó jinlẹ̀ sì dúró di ẹ̀yìn ìkórè.

Kànga náà wà nínú iṣẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀. Ìparí ọ̀gbẹlẹ̀ ni omi rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ jù lọ, ìgbà náà sì ni akànga lè sọ̀kalẹ̀ láti kó ẹrẹ̀, láti gbẹ́ ẹ jìn sí i, tàbí láti fi ríǹgì kún un. Ẹnu kànga nílò sìmẹ́ńtì tó dà síta kí omi àgbàlá má baà ṣàn padà sínú rẹ̀. Ìlànà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń tẹnu mọ́ ni pé kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga ní mítà 30 ó kéré tán. Ní ojúlé tó há, tí ilé kún ara wọn, ó ṣòro láti tẹ̀ lé e, ìdí sì nìyẹn tí ó fi yẹ kí wọ́n ronú kàn án kí wọ́n tó gbẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni iná àti eku. Nígbà ọyẹ́, iná igbó máa ń ti oko dé ẹ̀yìnkùlé láàárín wákàtí díẹ̀, pàápàá níbi tí ọ̀pẹ tí imọ̀ gbígbẹ so kọ́ lọ́rùn bá sún mọ́ ilé. Ojú ilẹ̀ tí wọ́n ro yí ilé ká ni ààbò. Iná yìí kan náà máa ń lé eku kúrò nínú igbó wá sínú ilé. Ọ̀rọ̀ eku kò kéré ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Òun, Ẹdó àti Bauchi ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ibà Lassa ń kọlù ní Nàìjíríà ti máa ń wá, ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì ti di ojúkò ìtọ́jú rẹ̀. Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àìsàn náà mọ̀ ní 1969. Irú eku kan tó ń gbé inú igbó àti inú ilé ló ń gbé e kiri, oṣù ọ̀gbẹlẹ̀ ló sì máa ń ràn jù. Apá àríwá ìpínlẹ̀ ló ti wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń ti Ọ̀wọ̀ wá sí Òkìtìpupa lójoojúmọ́. Ìtì igi tó fara ti ògiri, gàrí tí wọ́n sá sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ààtàn tó sún mọ́ ilé ìdáná: ìwọ̀nyí ni eku ń wá.

Nígbà tí òjò bá gbalẹ̀

Bí òjò bá ti dúró dáadáa, láti oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, ìgbà gbígbìn dé. Igi ìbòòji tí wọ́n bá gbìn nígbà yìí á ní oṣù mẹ́fà tàbí méje láti ta gbòǹgbò kí oòrùn tó mú. Koríko tí wọ́n fẹ́ kó bo ilẹ̀ náà, ìgbà yìí ni. Àwọn ìyá àgbà ti mọ èyí tipẹ́. Wọ́n máa ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò sí ibi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn sí, wọ́n á gbin efinrin àti ewúro sẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n á sì gbin koríko ọba, tí àwọn kan ń pè ní ewé tíì, sí etí ibi tí ilẹ̀ ti dà, nítorí ìdí rẹ̀ máa ń pọ̀, ó sì máa ń di ilẹ̀ mú.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀fọn dé. Nínú ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé nípa ọdún 2022, Nàìjíríà nìkan ló ni nǹkan bí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ibà ẹ̀fọn kọlù ní gbogbo ayé. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà yìí fẹ́ràn omi tó dúró lórí ilẹ̀ gbangba: ojú ẹsẹ̀ màlúù, ipa táyà, kòtò tí wọ́n ti bu yẹ̀pẹ̀. Oríṣi kejì, tó ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, fẹ́ràn inú ohun èlò: agolo, táyà àlòkù, èèpo àgbọn, ìkòkò òdòdó. Ẹyin oríṣi kejì yìí lè wà ní gbígbẹ fún oṣù púpọ̀ lára agolo, kó sì pa ní ọjọ́ tí omi bá tún kàn án. Agolo tí ẹnikẹ́ni kò kó nínú ọ̀gbẹlẹ̀ á ti pèsè ẹ̀fọn sílẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀fọn bá yé ẹyin títí tanwíjí yóò fi di ẹ̀fọn tó ń fò, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ilé tó bá ń da gbogbo omi tó dúró nù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láìyẹ̀, ti já ìran ẹ̀fọn àgbàlá rẹ̀.

Igbó náà kì í dúró de ẹnìkan. Èyí tó ń yára bo ilẹ̀ jù lọ ni ewé Akíntọlá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Kì í ṣe ewé ilẹ̀ yìí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, àwọn onímọ̀ sì sọ pé nǹkan bí ọdún 1937 ló wọ Nàìjíríà, tó sá pamọ́ sáàárín irúgbìn igi gmelina tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka. Igi gmelina yìí kan náà ni wọ́n gbìn lọ salalu nínú igbó ọba Olúwa, lẹ́bàá Orè. Afẹ́fẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń gbé irúgbìn ewé Akíntọlá kiri. Ẹni tó bá ké e lulẹ̀ ní oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, kó tó tan òdòdó, ti dín ìdajì iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ kù. Ẹni tó dúró dìgbà ọdún Kérésì ti gbà á láyè láti gbin ara rẹ̀.

Inú igbó tó bo ilẹ̀ ni ejò ń sá sí, ọká àti ṣèbé sì wà nínú igbó ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Òjò tún máa ń lé ìjàlọ jáde. Ojú ilẹ̀ tó mọ́, tó fẹ̀ ní mítà méjì tàbí mẹ́ta yí ilé ká, ń jẹ́ kí onílé rí àwọn àlejò wọ̀nyí kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ní oṣù kẹjọ, òjò máa ń sinmi fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó tún padà ní oṣù kẹsàn-án. Ọ̀pọ̀ onílé ń fi ìsinmi yìí ṣòfò. Àǹfààní ló jẹ́ láti kó iyanrìn tó ti dí gọ́tà, láti dí ojú ibi tí omi ti fọ́, àti láti ro ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Gbígbá, sìmẹ́ńtì tàbí koríko?

Àríyànjiyàn tó le jù lónìí ni irú ojú tó yẹ kí ilẹ̀ àgbàlá ní. Ìlànà àtijọ́ ni ilẹ̀ gbalasa tí wọ́n ń fi ọwọ̀ gbá ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Àṣà yìí ní ọgbọ́n nínú: ilẹ̀ gbígbá ń fi ejò hàn, iná igbó kì í lè kọjá rẹ̀, ó sì dùn ún sá nǹkan sí. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Richard Westmacott kọ nípa irú àgbàlá gbígbá bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú àgbègbè àrọko níbẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1992. Ṣùgbọ́n gbígbá ojoojúmọ́ ń ha ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, òjò sì ń kó èyí tó ti tú lọ. Ibi tí ilẹ̀ bá dà, ìpìlẹ̀ ló ń sanwó rẹ̀.

Ìdáhùn àwọn ilé tuntun ni sìmẹ́ńtì tàbí òkúta íńtálọ́ọ̀kì láti ògiri dé ògiri. Ó mọ́, kò ní ẹrẹ̀, ọkọ̀ sì ń rí ibi dúró. Àmọ́ omi tí ilẹ̀ ì bá fà mu ti di ti aládùúgbò ìsàlẹ̀. Ká fi ìṣirò ìbẹ̀rẹ̀ kún un: bí àgbàlá tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò bá tóbi tó òrùlé, omi tó ń jáde láti ojúlé náà ti di ìlọ́po méjì. Ibẹ̀ ni kòtò àárín àdúgbò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó tún ń gbóná lọ́sàn-án, ooru náà kì í sì í tètè lọ lálẹ́, ní ibi tí fáànù kò ti dájú.

Koríko kápẹ́ẹ̀tì ń fa omi mu, ó sì ń tutù, ṣùgbọ́n ó ń béèrè ẹ̀rọ ìgékoríko, epo bẹntiróò àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò.

Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí tó yẹ kó gba gbogbo ilẹ̀. Àgbàlá tó gún régé ń pín ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀: sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí ẹnu kànga, ẹnu ọ̀nà àti ibi ìfúngẹ̀ẹ́, ilẹ̀ gbígbá sí iwájú ilé àti ibi tí wọ́n ń jókòó sí, koríko, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti igi sí etí àti ibi tó dà. Pípín yìí ló wà nínú àgbàlá àwọn ìyá àgbà kí sìmẹ́ńtì tó wọ́pọ̀, òun náà ló sì bá ìṣirò omi mu.

Àdá, oògùn, iná

Láti ìgbà tí ọ̀dọ́ ti ń lọ sí Èkó, owó alágbàṣe ti wọ́n, oògùn apakoríko sì ti rọ́pò àdá ní ọ̀pọ̀ ilé. Ó yára, ó sì kéré lówó. Ewu rẹ̀ ni a kò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Àjọ NAFDAC, tó ń ṣàbójútó oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin de oògùn apakoríko paraquat láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2024, nítorí pé ìwọ̀nba díẹ̀ tí ènìyàn bá gbé mì lè pa á. Ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ ti ka glyphosate mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ láti 2015. Àní bí a bá yọ ti ara kúrò, oògùn tó pa koríko dé gbòǹgbò lórí ilẹ̀ tó dà ti tú ohun tó ń di ilẹ̀ náà mú. Lẹ́bàá kànga, ewébẹ̀ àti ibi tí ọmọ ń ṣeré, àdá àti ọkọ́ ṣì ni ó yẹ.

Iná náà ti yí padà. Ààtàn àwọn baba wa jẹ́ ewé, èèpo àti eérú, ó ń jẹrà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìdí rẹ̀ sì máa ń so rẹpẹtẹ. Ààtàn òde òní kún fún nylon àti ike. Bí wọ́n bá dáná sí i, èéfín olóró ni ọmọdé ń fà símú. Ṣíṣa ike sọ́tọ̀ kí ewé lè jẹrà kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ta ni yóò ṣe é?

Lójú àwọn tó dàgbà kí òmìnira tó dé, wolé-wolé ni ìdáhùn. Òṣìṣẹ́ yìí máa ń wọ ojúlé, á yẹ inú àmù wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, á wo ṣáláńgá àti ẹ̀yìnkùlé, ẹni tó bá sì rú òfin á dé kóòtù. Nígbà ìjọba Buhari àti Idiagbon, 1984 sí 1985, ìmọ́tótó àyíká di ara ogun tí wọ́n gbé ti ìwà àìníjàánu, láti ibẹ̀ sì ni ìmọ́tótó Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ti fìdí múlẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ní 2015, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ kan ní Èkó dájọ́ pé kò sí òfin tó fàyè gba dídá ènìyàn dúró nílé nítorí rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pa á tì.

Ìdájọ́ náà kan ìrìn ènìyàn. Kò sọ pé kí gọ́tà dí. Ìpalára Sátidé ìmọ́tótó nílẹ̀ Ìkálẹ̀ wà níbòmíràn: ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń lò ó fún, oṣù yòówù kó jẹ́. Ilé tí kò ní olùgbé ni ó sì ń jìyà jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkálẹ̀ tó wà ní Èkó, Àkúrẹ́ tàbí òkè òkun kọ́lé sílé, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ fún ìtọ́jú lóṣù kejìlá kí wọ́n lè bá ilé tó mọ́ lọ́dún Kérésì. Ọ̀dà tuntun dára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá owó náà sí méjì, kí ìdajì dé lóṣù kejì fún gọ́tà, ẹ̀ka igi àti òrùlé, ọ̀dà náà á pẹ́ lára ògiri.

Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa àti Ìrèlè lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi kan tí kò nílò owó tuntun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdọọdún ni àjọ NiMet, tó ń rí sí ojú ọjọ́, ń kéde ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró. Kí wọ́n túmọ̀ ìkéde náà sí èdè Ìkálẹ̀, kí wọ́n kà á ní ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sáláṣí àti lórí rédíò, kí wọ́n sì ya Sátidé ìmọ́tótó oṣù kìn-ín-ní àti oṣù kejì sọ́tọ̀ fún gọ́tà, agolo àti ẹ̀ka igi nìkan, ojúlé kan sí èkejì, láti òkè àdúgbò sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí omi ń lọ.